Ọsàn Tó Kọ̀ Tí Kò Tanná

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kejì
Èèrà pè. Ọmọ ọmọ mi, tí wọ́n bí sókè òkun, tí mi ò tíì fojú kàn. Kò gbọ́ Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì tèmi ò kọjá ti ṣọ́ọ̀bù agẹrun: jókòó, tẹ orí ba, ó ti parí. Ó ń bèèrè igi ọsàn ìyá àgbà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ló rú mi lójú: blossom. Mo kàn ń sọ pé "yes, yes". Ojú tì mí.

Ọjọ́bọ̀, 6
Tíṣà, aládùúgbò mi, wá gẹ ìwọ̀nba irun tó ṣẹ́ kù lórí rẹ̀. Mo bi í. Ó ní òdòdó igi eléso ni pàápàá, èyí tó ń ṣáájú èso. Tí igi bá tanná, ẹ ó ní ó wà "in blossom". "Ẹ má lọ fi pe òdòdó ẹ̀fọ́ o, Agẹrun!" Ó ní kí n tún un sọ títí ẹnu fi ń ro mí. Ṣé tèmi ti wá tanná ni? Rárá — láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú. Mo ti gbà pé ọ̀fọ̀ rẹ̀ ló ń ṣe.

Àbámẹ́ta, 8
Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo ń gẹ igi náà bí ìṣe mi ní gbogbo Àbámẹ́ta, kó lè rí rìbìtì bí orí ọkọ ìyàwó. Tíṣà pariwo láti ojú fèrèsé rẹ̀ pé orí ẹ̀ka ni òdòdó ti ń yọ, èmi ni mò ń gé e dànù!
Mo gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ìyàwó mi kì í jẹ́ kí n mú sísọ́ọ̀sì débẹ̀. Èmi rò pé ìtọ́jú ni.

Àìkú, 23
Igi ti rí wúruwùru. Ọwọ́ ń yún mi.
Ìyá Èèrà, ọmọ mi, pè. Kò tíì wálé látìgbà tá a ti sin ìyá rẹ̀. Tí mo bá bi í, á ní "a ó máa wò ó, Bàbá." Mi ò bi í mọ́. Àárò wọn ń sọ mí gan-an.

Ìṣẹ́gun, 11 oṣù Kẹta
Nǹkan funfun kan wà lórí ẹ̀ka. Mi ò tíì sọ fẹ́nikẹ́ni.

Àìkú, 16
Ó tanná! Gbogbo àgbàlá ń ta sánsán. Mo pè. Mo sọ ọ́ fún Èèrà láìkọsẹ̀: "The orange tree is in blossom." Ọmọ náà hó yèè! Ó tún bèèrè nǹkan, kò yé mi. Ìyá rẹ̀ gba fóònù — òórùn rẹ̀ lọmọ ń bèèrè. Mo gbé fóònù sáàárín òdòdó, bí ọ̀dẹ̀. Nígbà tí mo gbé e padà sétí, ìyá rẹ̀ ń sunkún. Ó ní orí igi yẹn ni Màámi máa ń sá aṣọ àwọn sí, gbogbo aṣọ á máa ta sánsán bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e o. À ń bọ̀."
Mo ti kó gbogbo sísọ́ọ̀sì mi fún Tíṣà pé kó bá mi fi pa mọ́. Ó ní ta ni yóò wá gẹ irun òun. Mo ní kó jẹ́ kó hù títí wọn yóò fi dé.