Mo Wá Síbi Eré Ìje Mọ́tò Yín

Ọmọ mi, Abẹ́rẹ́ mi tín-ín-rín tí adìyẹ ò lè gbé mì,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ò pa ọ́ lára jù? Àwa náà wà láàyè, a sì ń tọrọ fún ọ láàárọ̀ lálẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ ò ní í kọ, ibi ò sì ní í mọ ọ̀nà ilé rẹ. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti ń rọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò ṣàìsàn rí, ó ṣì ń bá mi jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀. Ewúrẹ́ wa ti bímọ, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà jọ káfíńtà àdúgbò wa, a ò tíì sọ fún un.

Jẹ́ kí n má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: mo wá sí ìlú yín lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Má fò sókè. Bàbá rẹ ló rán mi. Télọ̀ tó bá ọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́sí ló wá sọ fún wa pé níbi tí o ti ń ṣiṣẹ́, mọ́tò ń sáré bí ẹni tí oyín ń lé, àti pé àárín wọn gan-an lo wà. Láti ìgbà náà ni bàbá rẹ ò ti sùn dáadáa mọ́. Ó ní kí n lọ mú ọmọ òun wálé, kí o wá máa bá télọ̀ ránṣọ, torí ẹ̀rọ ìránṣọ kì í gbá èèyàn.

Tíkẹ́ẹ̀tì tí o ní o fi ránṣẹ́ sínú fóònù wa nígbà tí o ń bẹ̀ wá pé ká wá wo iṣẹ́ rẹ, ọmọ mi, mo wá a títí. Mo ṣí ẹ̀yìn fóònù, mo yọ bátìrì, mo gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, eruku ló jáde. Mo ṣáà gbé fóònù dání bẹ́ẹ̀. Ní ìdíkọ̀ ìlú yín, mo sọ fún onítakisí pé kó gbé mi lọ síbi tí mọ́tò ti ń sáré ìje, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má fi tiwa bá wọn díje o, kó rọra. Nígbà tó yá, ó ní wọ́n ti dí ọ̀nà, àfi kí n wọ bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ tó ń kó èrò débẹ̀. Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Ta ní í gbé èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ tí kò ní nǹkan nínú? Ẹnu ilẹ̀kùn ni mo jókòó sí, kí n lè tètè bẹ́. Ṣùgbọ́n awakọ̀ náà pè mí ní ìyá, ó sì gbé wa dé ẹnu ọ̀nà ní ti gidi, ni ojú bá tì mí, mo fún un ní ọsàn tí mo mú bọ̀ fún ọ. Má bínú. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà gba fóònù, ó tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó gbé e síwájú iná pupa kan, iná náà ké píì, ó ní kí n wọlé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ iná.

Ariwo ibẹ̀! Ó dà bí ìgbà tí gbogbo ẹ̀rọ ìlọta ayé bá ń bínú pọ̀. Mọ́tò ń lọ, wọ́n ń yí po, wọ́n tún ń gba iwájú wa kọjá. Àánú wọn ṣe mí. Mo bi bàbá onífìlà kan tó jókòó tì mí bóyá wọ́n ti ṣìnà ni, kí ẹnìkan bá wọn júwe. Ó ní wọn ò ṣìnà, ibi tí wọ́n ti gbéra ni wọ́n ń lọ. Mo ní ṣé wọn ò wá kúkú jókòó síbẹ̀ ni? Ó ní ìbéèrè tí ìyàwó òun máa ń bi òun nìyẹn.

Ìgbà náà ni mọ́tò kan yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, lọ́dọ̀ àwọn kan tí aṣọ wọn bára mu, tí akoto bo gbogbo ojú wọn. Bí ọ̀kan ṣe kúnlẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìwọ ni. Orúnkún òsì ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Láti kékeré la ti ń bá ọ wí lórí ìkúnlẹ̀ yẹn. Inú mi dùn, mo ní ọmọ mi ò gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé, ó ń kí ọ̀gá rẹ̀ tó wà nínú mọ́tò. Àfi bí ọ̀gá ò ṣe dáhùn! Kò ní pẹ̀lẹ́, kò ní dìde, fìrì, ó ti lọ! Mo dìde, mo ń pariwo pé irú ọmọ wo nìyẹn, tí wọ́n kúnlẹ̀ kí tí kò jẹ́ èèyàn lóhùn, ṣé inú igbó ni wọ́n ti wò ó dàgbà ni? Onífìlà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kì í ṣe ìkíni, táyà lo ń pààrọ̀. Mo ní irọ́ ni. Fọkanáísà tiwa, a ó jẹun, a ó rẹjú díẹ̀, kó tó tú nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́. Ó ní kí n dúró wò ó. Nígbà tí mọ́tò náà tún yà wọlé, n kò tíì sọ pé kí Olúwa ṣọ́ ọ tán tí o fi dìde, táyà tuntun ti wà níbẹ̀. Ọmọ tí mo máa ń jí títí kó tó dìde lọ pọnmi!

Mo sún mọ́ ọgbà wáyà. Orúkọ rẹ ti dé ètè mi. Mọ́tò mìíràn ló ń bọ̀, mo sì rí i pé bí o bá bojú wẹ̀yìn ó lè gbá ọ, ni mo bá gbé orúkọ náà mì. Nígbà tí eré parí, mi ò wá bá ọ. Má rò pé mo bínú. Mo mọ̀ ọ́, o ò sọ pé rárá fún mi rí. Bí mo bá dúró síwájú rẹ tí mo jíṣẹ́ bàbá rẹ, o máa bọ́ akoto, o máa tẹ̀lé mi, o máa rẹ́rìn-ín fún mi títí dé ilé, o ò sì ní í tún yára bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé.

Nígbà tí mo délé, bàbá rẹ ní ọmọ òun dà. Mo ní mo bá a lẹ́nu iṣẹ́, a kì í sì í já iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó wá bi mí bóyá ilẹ̀ tí o ń kúnlẹ̀ sí le. Mo ní ọ̀dà títì ni, ó le bí òkúta. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa tọrọ owó díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, bó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn: mo fẹ́ ra fóòmù, kí télọ̀ rán an sáṣọ, kí o máa so ó mọ́ orúnkún, pàápàá tòsì. Èyí tó bá kù, bàbá rẹ máa fi ra òògùn ẹsẹ̀.

Ọmọ mi, orúnkún rẹ ò ní í yẹ̀. Ọwọ́ rẹ ò ní í gbọ̀n. Mọ́tò tí o bá fọwọ́ kàn á lọ ire, á bọ̀ ire. Nígbà tí wọ́n bá fún ọ láyè, wá kí wa. Ṣùgbọ́n bí àlejò ni kí o wá, kí n lè sìn ọ́ sọ́nà nígbà tí o bá ń padà síbi iṣẹ́ rẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó rí ọ.