Ẹ Fi Ọkọ̀ Sílẹ̀ fún Mi

Ọdún márùn-ún rèé tí ẹ lọ, Bàbá Kọ́lápọ̀! Ọdún márùn-ún gbáko! Ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira gan-an ni Odò Ọya gbà yín lọ́wọ́ wa.

Ilé tí ẹ kọ́ dé ojú fèrèsé ní Karaworo ti di ilé, páànù ti wà lórí rẹ̀. Bọ́sẹ̀dé ti lọ sílé ọkọ, ó ti bímọ ọkùnrin, iwájú orí yín ni ọmọ náà sì gbé wáyé. Kọ́lápọ̀ yín ti ń wa ọkọ̀ òfurufú!

Ṣùgbọ́n ìtìjú ni mo gbé wá bá yín lọ́dún yìí. Kọ́lápọ̀ fẹ́ di olùkọ́ tí yóò máa kọ́ àwọn ẹlòmíràn bí a ṣe ń wa ọkọ̀ òfurufú. Ìdánwò kan ló kù. Ẹnu mi ò lè dákẹ́: mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ ọ́ ní ojúlé-ojúlé ní Kabawa, mo so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ dè é. Ó lọ, ó fìdí rẹmi! Ojú tì mí! Ẹ̀yìnkùlé ni mo ń gbà jáde kí wọ́n má bàa bi mí pé olùkọ́ wa dà.

Ẹ gbọ́ ohun tó gbé e ṣubú. Níbi ìdánwò náà, òyìnbó tó ń dán an wò ni yóò ṣe bí akẹ́kọ̀ọ́, yóò máa mọ̀ọ́mọ̀ ṣe àṣìṣe. Kọ́lápọ̀ ni yóò bá a wí, bó bá sì le, kó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Orí òyìnbó yìí ti funfun báláú. Ó gbé imú ọkọ̀ sókè jù, agbára ọkọ̀ ń tán, ó fẹ́ já wálẹ̀. Ọmọ yín rí i. Kí ló wí? "Plíìsì, sà." Ó tún wí i wọ́ọ́rọ́wọ́. Àfìgbà tí òyìnbó fúnra rẹ̀ tún ọkọ̀ ṣe.

Nígbà tó ròyìn tán, mi ò lè gbójú sókè. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni Mùkáílà tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi gbọ́ lẹ́nu yín lọ́jọ́ náà! Ẹ rí àpáta. Ẹ mọ odò yẹn ju ọ̀gá yín lọ, ṣùgbọ́n òun ló wà nídìí ìtọ́kọ̀, òun ló sì dàgbà jù. "Plíìsì, sà," lẹ wí, ẹ sì dákẹ́ títí ọkọ̀ fi kọlu àpáta náà. Lọ́dọọdún la ń fi ìdákẹ́ yẹn yìn yín níbi ìrántí: ọmọlúàbí tí kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà! Lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ náà kọ̀, kò jáde lẹ́nu mi. Ojú ń tì mí fún yín, ọkọ mi. Ojú ń tì mí fún ara mi, torí ọwọ́ àwa méjèèjì ni ọmọ yìí ti kọ́ ọ.

Ó tún ń lọ ṣe ìdánwò náà lọ́jọ́ Ajé. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti ń gbé mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, tó ń fi orógùn sí mi lọ́wọ́ pé kí n máa wa ọkọ̀. Mo ń ṣàṣìṣe, ó ń ní, "Ẹ rọra, màmá." Lánàá, mo sọ fún un pé bàbá rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ wa, ó jókòó sẹ́yìn. Mo wá fa orógùn mọ́ àyà, kí imú ọkọ̀ lè lọ sókè jù bíi ti òyìnbó yẹn.

"Ẹ fi sílẹ̀! Ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún mi!"

Ó já a gbà, ó bó mi lọ́wọ́. Adéòkè ará ilé kejì sáré jáde: "Ìyá rẹ lò ń jágbe mọ́ báyìí?" Kọ́lápọ̀ ti dọ̀bálẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ojú tì mí lójú Adéòkè, mi ò ní purọ́ fún yín, ó tì mí púpọ̀. Síbẹ̀ mo ní kó dìde, kó tún un ṣe.

À ń ṣàárò yín, Bàbá Kọ́lápọ̀. A fẹ́ràn yín, a ò ní yé fẹ́ràn yín! Ká ní ẹ jágbe mọ́ àgbà yẹn lọ́jọ́ náà ni, ǹ bá lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ fún yín. Ojú ì bá tì mí ní gbogbo Lọ́kọ́ja, ẹ̀ bá sì wà nílé.