Irin Tuntun Tó Wà Lójúbọ Ògún

Olóòtú wa, mo kí yín láti Ọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ pamọ́. Mẹkáníìkì ni mí.

Mo tú ẹ́ńjìnnì lọ́rì kan, mo fi owó ọlọ́kọ̀ ra irin tuntun tó máa yí pọ́ǹpù ọ́ìlì. Èyí tó gbó, mo fún bàbá mi kí wọ́n fi bọ Ògún. Mo parí iṣẹ́, lọ́rì gbéra. Kí ó tó dé Ìdóànì, ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì. Ọ́ìlì kò gòkè rárá!

Hà! Mo délé, irin tuntun náà ni mo bá lójúbọ, tí epo pupa ń kán lára rẹ̀. Bàbá mi ní, "Ṣé irin gbígbó la fi ń bọ Ògún? Mo ti fi èyí tó gbó sínú páálí tuntun fún ọ." Èmi òmùgọ̀ sì dè é láìyẹ̀ ẹ́ wò!

Ọlọ́kọ̀ ń béèrè irin rẹ̀. Ẹ̀yin olùgbọ́, ta ló gba nǹkan padà lọ́wọ́ Ògún rí?