Àga Oníbàárà

Rẹ̀míláyọ̀, aya mi,

Ara mi dá ṣáṣá ní Ajah níbí. Ẹsẹ̀ mi tó wú náà ti ń ṣe dáadáa. Iṣẹ́ akọ̀wé ni mo ṣì ń ṣe, ní ṣọ́ọ̀bù táìlì: mo ń kí oníbàárà, mo ń kọ rìsíìtì. Orí ìdúró la wà títí ilẹ̀ á fi ṣú, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí ara yá gágá.

Jàmíù, ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ ẹ̀yìnkùlé wa, wá ra táìlì tó fẹ́ lẹ̀ sílé kan ní Thomas Estate. Bó ṣe rí mi, ó gbé àga fún mi.

"Ọ̀gá akọ̀wé, ẹ jókòó, sà."

Mi ò tíì fìdí kàn án tí máníjà wa, ọmọ tí kò ju Tolúwani wa lọ, fi pariwo: "Bàbá, ẹ dìde! Àga oníbàárà nìyẹn."

Mo dìde. Jàmíù kò rẹ́rìn-ín. Ì bá tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, ì bá sàn fún mi.

O rántí ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ wá gba ìwé ikú ọkọ rẹ̀ ní ọ́fíìsì mi ní káńsù. Mo fi í sórí ìdúró láti àárọ̀ di ọ̀sán, bẹ́ǹṣì sì ṣófo lẹ́yìn rẹ̀. O bẹ̀ mí nítorí rẹ̀. Mo ní o ò mọ iṣẹ́ akọ̀wé.

Má tíì wá kí mi, ọ̀nà jìn. Jàmíù ń bọ̀ wálé ṣọdún Iléyá. Ohun tó bá sọ fún ọ, òótọ́ ni.

Kí Tolúwani fún mi. Bá mi kí Ìyá Ẹlẹ́kọ náà, ṣùgbọ́n kí o tó jíṣẹ́ mi, kọ́kọ́ gbé àga fún un.

Ọkọ rẹ,
Akínwùmí