Ẹran Imú tí Wọ́n Sin sí Ìdí Àgbọn

Ojúlé Kẹsàn-án, Òpópónà Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì,
Aràdágùn, Àgbádárìgì,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹta, 1985.

Jayéọlá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé gbogbo ilé le? Bàbá Túnmiṣe ńkọ́, ṣé ìjọba kò tíì lé wọn lẹ́nu iṣẹ́? Ẹsẹ̀ ìyá rẹ ńkọ́? Àwa wà láàyè, a dúpẹ́. Ọpẹ́ nìkan ni kò tíì wọ́n lọ́jà.

O béèrè nípa imú Ọládàpọ̀, ọkọ mi. Nǹkan tó hù síbẹ̀ ti dí i pátá, ó sì ń ṣẹ̀jẹ̀. Dókítà ní ojú lásán kò lè sọ bóyá kókó ni tàbí jẹjẹrẹ, àfi kí wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n fi awò wò ó l'Ékòó. Ilé ìwòsàn wa kò kúkú burú. Ṣọ́jà ń fi kòbókò kọ́ wa bí a ṣe ń tò lẹ́nu ọ̀nà. Nínú ilé, kò sí fọ́málínì, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà. Èmi ni mo wá a rí. Wọ́n gé ẹran náà sínú ìgò, wọ́n ní kí á gbé e lọ Èkó fúnra wa. Mo gbé e sórí tábìlì, mo lọ wá ọkọ̀.

Kí n tó dé, ìyá ọkọ mi ti sin ín. Wọ́n ní bí àwọn ṣe ń sin ibi ọmọ l'Ékìtì nìyẹn, pé a kì í gbé ẹran ara ènìyàn kiri fún àjèjì. Sewanu, onílé wa, ló yá wọn lọ́kọ́, òun náà ló yan ìdí àgbọn tó dára jù. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n kọrin. Ètò ìsìnkú náà kò ní àbùkù. Wọ́n tilẹ̀ fọ ìgò mi mọ́.

"Ẹ ṣeun, Ìyá," ni mo wí. "Ẹ má tíì dá ọkọ́ padà. Ẹni tó ni imú ṣì wà nílẹ̀."

Omi bọ́ lójú wọn. Ọládàpọ̀ ní kò sẹ́ni tó máa tún gé òun. Ìyá rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà.

Nígbà tí wọ́n gé e lẹ́ẹ̀kejì, èmi ni mo gbé ìgò dání títí dé Èkó. Ṣọ́jà kan béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo ní imú ọkọ mi ni. Kò tún béèrè ìwé ọkọ̀.

Ìjẹta la lọ gbọ́ èsì. Bí dókítà ṣe lanu, èmi tí mo ń bú gbogbo ayé pé wọ́n ń fi nǹkan falẹ̀, mo ní kí wọ́n dúró ná, mo sáré jáde. Nígbà tó yá, Ọládàpọ̀ bá mi lẹ́yìn ọkọ̀ kan níta.

"Kì í ṣe jẹjẹrẹ," ló wí. "Wọ́n á yọ gbogbo rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Gba áńkáṣíìfù, Fúnkẹ́, nu imú tìẹ."

Bá mi kí gbogbo wọn. Wá bá wa gbé ilé lọ́sẹ̀ iṣẹ́ abẹ náà. Má kọ̀wé pé o ń rò ó.

Tìrẹ ni mí, bí mo ti ń pariwo tó yìí,
Ọláfúnkẹ́