Ilẹ̀kùn Tí Mo Lu Èdìdì Sí

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Mo parí ẹ̀ lónìí. Kóòdù Alága. Mo fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Alága ni mò ń pe oníbàárà yìí, torí gbogbo ìgbà ló ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó gun orí pèpéle. Ó fẹ́ ta tókìn, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kóòdù yìí, àṣẹ tí wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà, ni àpótí tí gbogbo èèyàn máa kó owó wọn sí. Kò ní báńkì, kò ní lọ́yà. Ohun tí wọ́n bá ti kọ sínú ẹ̀ ló máa ṣe, ì báà jẹ́ ìparun. Iṣẹ́ tèmi ni kí n rí ibi tí olè lè gbà wọlé kí olè tó rí i.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi tún fóònù ṣe lábẹ́ agbòòrùn. Lónìí, àwọn tó jáde yunifásítì ló ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí mi — Ojú Àwòdì ni wọ́n ń pè mí. Wọn ò mọ̀ pé mi ò lè ka lẹ́tà gẹ̀ẹ́sì kan tán. Ta ló fẹ́ sọ fún wọn? Tíṣà, ìyàwó mi, ló ń kọ ìròyìn iṣẹ́ mi. Èmi á sọ ọ́ ní Yorùbá, òun á sọ ọ́ di gẹ̀ẹ́sì alákọ̀wé.

Ọgbọ́n mi rèé. Àwọn tó ń kọ kóòdù máa ń há àlàyé gẹ̀ẹ́sì sáàárín ìlà. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Ẹ̀rọ tó ń túmọ̀ ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rí, mi ò bá a ṣe mọ́. Àlàyé lè parọ́, kóòdù kì í parọ́. Ọ̀rọ̀ inú kóòdù ò pọ̀ tó ọgọ́rùn-ún, mo mọ̀ wọ́n bí ojú àwọn ọmọ mi.

Kò sí ihò kankan. Mo ní kí Tíṣà lu èdìdì mi sí ìròyìn náà: orí àwòdì, ojú kan ṣoṣo.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Alága ṣí àpótí. Ó gbé èdìdì mi síwájú, ó tóbi ju àwòrán òun fúnra ẹ̀ lọ. Owó ń ya wọlé. Ẹni tó bá ti kó tiẹ̀ sí i, ó di ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó lè yọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ránṣọ. Ó ní òun ti kó owó máṣíìnì tuntun sí i. Gbogbo ẹ̀. Ó ní, "Mo rí ẹyẹ ẹ níbẹ̀, mi ò wẹ̀yìn mọ́." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kó sọ fún àwọn télọ̀ ẹgbẹ́ ẹ̀ náà. Ó ní òun ti sọ fún wọn kí n tó gbé fóònù.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo sùn títí oòrùn fi kanrí. Ẹ̀yìn ológbò kì í kanlẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Mo gbé.

Oníbàárà mìíràn fi kóòdù tó jọ ti Alága ránṣẹ́. Mo ní kí n yẹ ti Alága wò, kí n fi wọ́n wéra — kì í ṣe èyí tí mo kà o, èyí tó ti wà níta, tí owó wà nínú ẹ̀. Ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kọ orúkọ onílé sí. Onílé lè kó gbogbo ohun tó wà nínú àpótí jáde tí ọ̀ràn pàjáwìrì bá dé. Mo wo ibẹ̀. Òdo. Òdo, òdo, òdo títí dé ìparí ìlà. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni.

Mo mọ ibẹ̀ dáadáa. Ohun tí kóòdù sọ ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé, tó ní "èmi ni onílé", òun náà ni. Ilẹ̀kùn á sì tì mọ́ ọn lẹ́yìn, àfi tó bá fọwọ́ ara ẹ̀ fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Nígbà tí mò ń kà á, ohun tí mo yẹ̀ wò ni bóyá ẹlòmíràn tún lè wá pè é lẹ́ẹ̀kejì. Kò ṣeé ṣe. Mo ní ó dáa. Mi ò bi ara mi bóyá ẹnì kan ti pè é lẹ́ẹ̀kìíní.

Ilé kún fún owó, kọ́kọ́rọ́ wà lára ilẹ̀kùn níta. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá.

Tíṣà bi mí pé kí ló dé tí mi ò jẹun. Mo ní orí ń fọ́ mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mo ti wò ó ní ìgbà mọ́kànlélógún. Òdo ṣì ni.

Tí mo bá sọ fún Alága, á bú mi. Ìyẹn kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹnu ẹ̀ ni. Ohun tí ọkùnrin yẹn jẹ láàárọ̀, gbogbo orí íńtánẹ́ẹ̀tì á ti gbọ́ kó tó fọwọ́. Kó tó rìn dé ìdí ilẹ̀kùn, olè á ti wọlé. Á sì tún bi mí pé báwo ni Ojú Àwòdì ṣe fojú fò ó.

Mo ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò ní kí n yà, ẹsẹ̀ ló yà. Ó ń ṣẹ́ etí aṣọ, ó fi ètè há abẹ́rẹ́. Ó ní, "Ọ̀gá àwọn ọ̀gá. Kí ló fa ojú ẹ wọnú báyìí?" Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀. Ó ní, "Owó wa ńkọ́, ṣé ó ń sùn dáadáa?"

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn ta mí lẹ́nu bí ìgbà tí mo máa ń fi ahọ́n tọ́ bátìrì wò.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Òdo.

Èrò kan ń bọ̀, mò ń lé e — kí èmi fúnra mi wọlé. Kí n pe ilẹ̀kùn, kí n di onílé, kí n máa ṣọ́ ọ. Ta ló máa gbà mí gbọ́? Wọ́n á ní ẹni tó lu èdìdì ló fọ́lé. Nǹkan mìíràn tún ni pé ojútáyé leèyàn ti ń ṣe é. Àwọn olè ní ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọ̀nà. Tí wọ́n bá rí ọwọ́ mi lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n á sáré kọjá lára mi. Mo gbé ìka lé bọ́tìnì. Mo gbé e kúrò.

Tíṣà ká mi mọ́ balùwẹ̀ tèmi ti kọ̀ǹpútà lórí itan. Mo jẹ́wọ́. Kò pariwo. Ó ní, "Ta ló kọ kóòdù náà?" Mo ní ẹnì kan báyìí, Bíríkìlà ni mò ń pè é, mi ò bá a sọ̀rọ̀ rí. Ó ní, "Ẹni tó mọlé ló mọ bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn ẹ̀. Ẹ pè é." Mo ní á fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá wọn, ẹ̀rín ti ń bọ̀ lọ́nà, kò sóhun tá a lè ṣe sí i. Owó ló kù tá a lè gbà sílẹ̀."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Mo pe Bíríkìlà ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Yorùbá ló sọ, ohùn ẹ̀ tutù. Mo ṣàlàyé. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ sí yín, bàbá." Mo ní kí ló kọ? Ó ní, "Lókè ilẹ̀kùn yẹn gan-an, nínú kóòdù. Mo dárúkọ yín. Àbí ẹ ò kà á?"

Mo ní màá tún wò ó. Ó ní ó dáa. Ó gé fóònù.

Tíṣà wá fáìlì àkọ́kọ́ jáde, èyí tí mi ò tíì pa nǹkan kan rẹ́ nínú ẹ̀. Ó túmọ̀ ẹ̀ fún mi: "Ojú Àwòdì, ẹ jọ̀ọ́, Alága ò tíì sọ orúkọ tó fẹ́ fi ṣe onílé, torí ẹ̀ ni mo ṣe fi ilẹ̀kùn yìí sílẹ̀ gbayawu. Ẹ kọ ọ́ sínú ìròyìn yín pé kó tì í kí owó tó wọlé. Tiyín ló máa gbọ́."

Àlàyé yìí ò parọ́.

Mo tún wo àpótí. Kì í ṣe òdo mọ́. Ẹnì kan ti di onílé, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí Bíríkìlà gé fóònù. Mo pè é. Ó ti pa fóònù ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Fóònù ẹ̀ ò lọ. Owó ò tíì kúrò níbẹ̀. Olè ni àbí olùṣọ́? Èmi ni mo fi ilẹ̀kùn hàn án.

Alága tún gbé èdìdì mi síta. Ó kọ nǹkan sábẹ́ ẹ̀. Mi ò mọ ohun tó kọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Tíṣà lọ ṣọ́ ìdánwò, wọn kì í jẹ́ kí wọ́n mú fóònù wọlé. Ilé ò gbà mí. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi, mo ní màá sọ fún un. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn oníbàárà. Mo sọ ti òjò. Mo sọ ti iná. Ó ní, "Tó bá jẹ́ aṣọ lo wá wọ̀n, dìde kí n wọ̀n ọ́. O kì í jókòó pẹ́ báyìí."

Fóònù mi dún. Bíríkìlà. Yorùbá wà lẹ́nu ẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti kan kíkọ, gẹ̀ẹ́sì ni. Ìlà mẹ́ta. Mo dá ọ̀rọ̀ kan mọ̀ níbẹ̀, èyí tí gẹ̀ẹ́sì fi ń pe onílé, kóòdù ló kọ́ mi. Ìyókù ṣú dùdù. Aago méjì ni Tíṣà máa jáde. Máṣíìnì ń ró.

Mo na fóònù sí i. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi kà á."

Ó ní, "Ìwọ tó ń bá gbogbo ayé kàwé?" Ó ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó rí ojú mi, ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ó kọ́kọ́ kà á sínú, ètè ẹ̀ ń mì. Ó wá kà á síta, ó ń túmọ̀ ẹ̀ díẹ̀díẹ̀: "Mo ti ti ilẹ̀kùn. Mo ti fi Alága ṣe onílé láàárọ̀ yìí, owó pé. Ẹ sọ fún àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé yín pé ẹ̀yin kọ́ lẹ tì í."

Owó pé. Mo dúró kí ara mi balẹ̀. Kò balẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù pa lọ́lọ́. Ó ní, "Ilẹ̀kùn wo, àbúrò mi? Kí ló sì dé tó fi jẹ́ pé èmi ni mo kà á?"

Èyí tó béèrè gbẹ̀yìn ni mo kọ́kọ́ dáhùn.