Garawa Tí Mo Pè Ní Adájọ́

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù Karùn-ún, 1957

Mo parí mítà kẹtàlélógún lónìí. Gbogbo mítà omi tó wà ní Kàbà pátá, mo ti dán wọn wò, mo ti fi òjé dì wọ́n lẹ́nu. Kò ku ọ̀kan. Ọ̀gá Philip, olórí ọ́fíìsì omi wa, bọ̀ mí lọ́wọ́. (Rúlà ni mo ń pè é nínú ìwé yìí. Kò síbi tí rúlà rẹ̀ kì í bá a dé, títí kan ilé ìgbọ̀nsẹ̀.) Ó ní, "Oyèbánjí, ojú rẹ mú." Láti oṣù Kejì, gbogbo mítà tí mo dán wò ló ń lọ́ra. Gbogbo wọn! Omi galọ́nù méjì á kọjá, mítà ò ní kà á tó méjì. Èmi ni mo rí i. Èmi náà ni mo yí skúrù inú wọn kí wọ́n lè sáré bó ṣe yẹ.

Ká sòótọ́, kì í ṣe ojú mi. Adájọ́ ni. Garawa bàbà tí mo fi ń dán mítà wò, galọ́nù méjì, ìlú òyìnbó ni wọ́n ti rọ ọ́. Ìlà funfun kan wà lọ́rùn rẹ̀. Bí omi bá ti kan ìlà yẹn, galọ́nù méjì ni, ẹjọ́ parí. Mo máa ń gbé e wálé lẹ́yìn iṣẹ́, nítorí àwọn ará ọ́fíìsì ń fi í fọ ẹsẹ̀. Ìyé, ìyá mi, máa ń yá a lọ́jọ́ ọjà láti fi wọn èlùbọ́. Ó ní bàbà pupa ń fa oníbàárà. Mo gbà fún un — kò sí ẹlòmíì lọ́jà Kàbà tí garawa ìjọba ń bá tajà.

Ìdána èmi àti C. ku ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

Ìyé ní mo ń gbéra ga. Mo ní rárá o, mo kàn ga ni.

Ọjọ́bọ̀, 9

Wàhálà.

Bàbá Bámgbóṣé, bàbá C., wá sí ọ́fíìsì. Katikíìsì ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ni wọ́n fún ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Òfin Keje ni orúkọ tí mo fún wọn níhìn-ín, torí kò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ tí "Ìwọ kò gbọdọ̀ jalè" kì í kẹ́yìn rẹ̀. Mo ti dọ̀bálẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ìjà ni wọ́n bá wá. Ilẹ̀ ni mo wà tí wọ́n ń rojọ́ mi lórí mi.

Wọ́n ní láti ìgbà tí mo ti fọwọ́ kan mítà ilé àwọn lóṣù Kẹta ni ilé àwọn ti ń mu omi bí agbo erin. "Ẹnu mẹ́ta ló wà nínú ilé mi. Èmi, ìyàwó mi, Cecilia. Adìyẹ mẹ́rin. Ta ló ń mu ìyókù?" Rúlà ní bóyá adìyẹ ni. Kò yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní mítà náà ń purọ́, ẹni tó dì í lẹ́nu ló sì kọ́ ọ. Wọ́n ní àwọn ò ní fi ọmọ fún ẹni tí òṣùwọ̀n rẹ̀ ò pé. Ìwọ kò gbọdọ̀ jalè.

Rúlà bínú dìde. Ó ní lọ́jọ́ Ẹtì, 17, a ó dán mítà náà wò ní gbangba, níwájú ilé wọn, kí gbogbo Kàbà wá wòran.

Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. Bí mítà bá tọ́, mo ti dójú ti Bàbá láàárín ìlú — ta ní ń fọmọ fún ẹni tó dójú tì í? Bí mítà bá purọ́, olè ni mí. Lọ́nà méjèèjì, C. ti lọ. Inú mi bàjẹ́ débi pé iyán ọ̀sán mi ṣẹ́kù. Díẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11

Mo rí C. ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tán kó tó lè sọ̀rọ̀. Ó ní bàbá òun ò gbẹ́kẹ̀ lé garawa ìjọba, wọ́n fẹ́ òṣùwọ̀n tiwọn. Akọ̀wé kan sọ fún wọn pé ìgò bíà mẹ́fà ni galọ́nù kan. Ni wọ́n bá lọ sí ilé àlejò ìjọba, wọ́n tọrọ òfìfo ìgò bíà méjìlá, wọ́n kó o sínú agbọ̀n, wọ́n gbé e rù, wọ́n sì gba àárín ìlú kọjá. Ìgò ń lù mọ́ra, kàn-ràn, kàn-ràn. Katikíìsì!

Ẹnikẹ́ni tó bá kí wọn, "Okun o, Bàbá," wọ́n á dáhùn, "Okun. Omi ni o." Kò sí ẹni tó béèrè.

Ọjọ́ Àìkú, 12

Fadá ní kí Bàbá dúró lẹ́yìn Máàsì. C. ló sọ fún mi. Fadá ní Pọ́ọ̀lù Mímọ́ gbà wá láyè wáìnì díẹ̀ nítorí inú rírun, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló wí. Bàbá ní omi làwọn fẹ́ fi àwọn ìgò náà wọ̀n. Fadá fọwọ́ kàn wọ́n léjìká, ó ní, "Ọlọ́run mọ ọkàn." Bàbá ò jẹun títí di ìrọ̀lẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 13

Thomas alápatà kí Bàbá kú ìgbádùn. Wọ́n ní èmi ló fà á.

Ọjọ́rú, 15

Ọjà ni Ìyé ti dé. Ó ní mo ń rù, kí ló dé? Mo sọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi pé Adájọ́ la ó fi dán mítà wò, ó dẹ́kun jíjẹ obì ẹnu rẹ̀.

Ó béèrè bóyá ojú garawa ni wọ́n á wò àbí ìdí rẹ̀. Mo ní, ta ní ń wo ìdí garawa? Ó ní, "A dúpẹ́." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ìkòkò tó ti fọ̀ tán. Ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ ogbó ti ń dé sí ìyá mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 17

Ẹ jẹ́ n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Kàbà jáde. Àwọn obìnrin ọjà, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, Thomas pẹ̀lú ọ̀bẹ ẹran lọ́wọ́. Bàbá wọ aṣọ Àìkú. Ìgò méjìlá tò lórí àga gbọọrọ, ó ń dán, wọ́n ti fi eérú fọ̀ ọ́. C. dúró níbi òpó ìlẹ̀kùn, kò wò mí.

Mo gbé Adájọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ. Mo ṣí i. Omi gun, ó kan ìlà. Mo tì í. Rúlà bẹ̀rẹ̀ mọ́ mítà, ó kà á sókè: galọ́nù méjì, pérépéré. Àwọn èèyàn hó. Ojú Bàbá rẹ̀wẹ̀sì — mo rí i, kò sì dùn mọ́ mi rárá. Mo ronú pé, ó tán, C. ti lọ.

Bàbá ní kí n dà á sínú ìgò. Mo fi àrọ dà á. Ìgò kan, ìgò méjì... Gbogbo ìlú ń bá mi kà á. Ìgò kọkànlá kún. Mo yí Adájọ́ dorí kodò. Ẹ̀kán kan bọ́. Ìgò kejìlá dúró lófìfo, ó ń wò mí.

Ariwo! Rúlà ní ìgò ọ̀mùtí ni, ó ti fẹ̀ jù. Bàbá ní ìgò ò tíì mutí rí, èèyàn ló ń mu ún. Wọ́n fẹ́ẹ̀ lu ara wọn. Ni Rúlà bá yọ rúlà. Ó ní òun á fi hàn wá. Ó wọn Adájọ́ láti ìta, láti ilẹ̀ dé ìlà: ínṣì mẹ́wàá. Ó kì í bọ inú, ó wò ó. Ó yọ ọ́, ó nù ún, ó tún kì í bọ̀ ọ́. Ínṣì mẹ́sàn-án àti díẹ̀. Èyí tó kù ńkọ́? Ó wo rúlà bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ purọ́ fún.

Mo dojú Adájọ́ bolẹ̀. Ìdí rẹ̀ ti wọnú lọ bí ikùn ẹni tó gbààwẹ̀. Àpá lílù wà níbẹ̀ yíká, mo sì mọ̀ ọ́n. Ọmọ odó ilé wa ni. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ti là láti ìgbà tí mo wà ní kékeré, bí àpá náà ṣe rí gan-an nìyẹn.

Èèyàn tó bá mọ ọjà wa ti mọ̀. Bí a bá ra mudu tuntun tí a ó fi máa wọn ọjà, ilé la ti kọ́kọ́ ń lù ú nídìí kó tó rí ọjà. Ẹni tó ń tajà á lù ú wọnú, ẹni tó ń rajà á lù ú síta. Ṣùgbọ́n garawa ìjọba! Láti oṣù Kejì! Mítà mẹ́tàlélógún ló ń sọ òtítọ́. Mo wá fi skúrù kọ́ wọn nírọ́, mo sì fi òjé dì í kí wọ́n má bàa gbàgbé.

Mo lè ní ó jábọ́. Ó wà lẹ́nu mi. Mo wo C. Mo ní, "Ilé wa ló ti ṣẹlẹ̀. Èmi ni mo gbé e lọ síbẹ̀. Bàbá ò purọ́." Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ìyé ló ya àárín èrò jáde. Ó ní, "Èmi ni mo lù ú. Kí ló burú ńbẹ̀? Garawa yẹn jinlẹ̀ jù, èèyàn ò lè fi í tajà kó jèrè. Mo tún un ṣe ni." Gbogbo obìnrin ọjà ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Ìyàwó Bàbá, tó ń ta ẹ̀wà, húkọ́. Bàbá yíjú sí ìyàwó wọn díẹ̀díẹ̀: "Ìwọ náà?" Wọ́n tún húkọ́.

Bàbá jókòó sórí àga ìgò. Wọn ò bú mi, wọn ò yìn mí. Wọ́n ní àwọn á dá ìyókù ẹjọ́ lọ́jọ́ ìdána, bí ìdána bá wà.

Bí ó bá wà!

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18

Èmi àti Ìyé ò sọ̀rọ̀. Lọ́sàn-án ó gbé iyán wá, ẹran méjì. Mo jẹ ẹran. A ti ń sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 20

Ìdájọ́ Rúlà: kí n fẹsẹ̀ rìn yí ìlú ká, kí n yí mítà mẹ́tàlélógún padà sí bí mo ṣe bá wọn. Garawa tuntun ò tíì ti Kàdúná dé, nítorí náà ìgò Bàbá ni a ó fi dán wọn wò. Bàbá gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìgò àwọn kì í dá rìn. Àwọn á tẹ̀ lé e. Ní ti Adájọ́, Rúlà ní kí n gbé òkú rẹ̀ kúrò lójú òun.

Ọjọ́rú, 22

Mítà mẹ́rin. Èmi ni mo ru agbọ̀n ìgò. Kàn-ràn, kàn-ràn. Ní báyìí èmi ni wọ́n ní mo ń mutí. Bàbá ò bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí Thomas kí mi kú ìgbádùn, mo gbọ́ tí nǹkan kan bí ẹ̀rín hó nímú wọn lẹ́yìn mi.

Ọjọ́ Ajé, 27

Mítà kẹrìnlá. Bàbá ní, "Rọra, òkúta wà níwájú." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin! Mo kà á.

Ọjọ́bọ̀, 30

Ó parí. Bàbá gba agbọ̀n, wọ́n ka ìgò, ó pé méjìlá. Wọ́n fún mi ní ìwé kan: ohun tí àwọn fẹ́ lọ́jọ́ ìdána. Iṣu, iyọ̀, oyin, obì, orógbó, ataare. Nísàlẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú lẹ́tà ńlá: EPO, GALỌ́NÙ MÉJÌ. Wọ́n fàlà sí i nídìí. Ẹ̀ẹ̀mejì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 oṣù Kẹfà

Mo ti bẹ Ìyé. Mo bẹ̀ ẹ́ lánàá, mo bẹ̀ ẹ́ láàárọ̀. Kò wọ̀ ọ́ létí. Ó ní kò sí ohun tó ń jẹ́ galọ́nù méjì nílé wa ju garawa ìjọba lọ. Inú Adájọ́ ló rọ epo sí, ó sì rọ ọ́ dé ìlà, kò dín, kò lé.

Wọ́n to gbogbo ẹrù sílẹ̀. Bàbá wo iṣu, wọ́n mi orí. Wọ́n tọ́ oyin wò. Wọ́n dé ibi epo. Wọ́n dúró. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n na ọwọ́ sábẹ́ Adájọ́, wọ́n fi ìka tọ́ ìdí rẹ̀. Wọ́n fọwọ́ pa á yíká. Mo ti dọ̀bálẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà mi ò níbi tí mo tún lè wó sí.

Bàbá wo Ìyé. Ìyé wo òrùlé.

Bàbá nahùn sí yàrá, wọ́n pe Cecilia. Ó jáde pẹ̀lú ìgò bíà kan lọ́wọ́, ó ń jẹ ètè kó má bàa rẹ́rìn-ín. Bàbá gbà á, wọ́n gbé e síwájú ìyá mi.

Wọ́n ní, "Tò. Ènì mi dà?"

Ìyé kọ́kọ́ rojú. Lẹ́yìn náà ó tú ìdí aṣọ rẹ̀, kí ni mo rí? Agbè epo kékeré kan! Ó ti dì í wá láti ilé. Ó rọ ọ́ sínú ìgò títí tó fi kan ọrùn.

Bàbá gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n kà á: "Ìkejìlá." Wọ́n ní kí n dìde.